Wáyà Ilé Nínú Ọkọ̀ Òkun

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni ọkọ̀ náà, àmọ́ èmi ni mo so gbogbo wáyà inú rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ó pẹ́ tí mo fi ń sọ ọ́ bíi pé ọwọ́ mi kò sí níbẹ̀.

Adjamé ní Abidjan ni wọ́n bí wa sí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wa. Rédíò àti fáànù ló ń tún ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní ọjà Roxy. Ó bí ọkùnrin mẹ́ta, kò sí èyí tó fẹ́ràn iṣẹ́ náà nínú wọn. Èmi obìnrin ni mo máa ń jókòó tì í bí mo bá ti iléèwé dé, tí mo ń bá a di irin gbígbóná mú, tí èéfín lẹ́ẹ̀dì ń ta mí lójú. Nígbà tó kú, ṣọ́ọ̀bù náà di tèmi. Wáyà, gílóòbù, bírékà àti súwíìṣì ni mò ń tà níbẹ̀ títí di òní. Bí oníbàárà bá ní kí n wá bá òun so iná ilé òun, mo máa ń lọ. Ọ̀pọ̀ wọn á máa wo ẹ̀yìn mi bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á máa wá ọkùnrin tí mo mú wá. Ìgbà tí mo bá gbé àkàbà lé ògiri ni wọ́n tó máa ń gbà pé èmi gan-an ni.

Àkọ́bí ilé wa ni ẹ̀gbọ́n mi yìí. Ọdún mẹ́jọ ló fi jù mí lọ. Etí òkun ni ọkàn tirẹ̀ wà. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń bá àwọn apẹja ará Gáná lọ sójú òkun láti etíkun Vridi, bàbá wa sì nà án títí ó fi sú u. Nígbà tó dàgbà, ó fẹ́yàwó, ó sì ń ta ẹja yìnyín ní Treichville. Ẹja tí ẹlòmíì pa ni. Ó tà á fún ọdún tó ju ogún lọ, àmọ́ kò sí ọdún kan tí kò sọ fún mi pé òun máa ní ọkọ̀ tòun.

Nígbà tó lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, ó ní àkókò ti tó. Lọ́jọ́ Sátidé kan, àwa méjèèjì lọ sí ilé ìtajà kan ní Riviera. Inú ilé onígíláàsì ni wọ́n to àwọn ọkọ̀ náà sí, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí wọn lára. Ọkọ̀ funfun, ẹ́ńjìnnì tuntun lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀nà hàn lójú omi, èyí tó ń wo ìsàlẹ̀ òkun, iná iwájú àti ti ẹ̀yìn, pọ́ǹpù tó ń fa omi jáde, gbogbo rẹ̀ ló ti wà lára ọkọ̀. “Pack complet” ni wọ́n ń pè é. Èèyàn á kàn sanwó, á gba kọ́kọ́rọ́, á máa lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ń fọwọ́ pa ara ọkọ̀ náà bí ẹni ń pa ẹ̀yìn ẹṣin. Èmi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo bí wọ́n ṣe so ó. Ìdérí kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè. Mo ní kí ọkùnrin tó ń tajà náà bá mi ṣí i. Ó wò mí, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó wá kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi kó tó dáhùn.

“Monsieur, c'est fermé, c'est garanti.” Ó ní ilé iṣẹ́ ló dì í pa, àwọn sì ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i, àwọn ti jáwọ́ nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Kí Madame má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú.”

Nínú wóró-wóró, takisí elérò púpọ̀ tí a wọ̀ padà, ẹ̀gbọ́n mi ní ọkọ̀ náà dára.

“Ó dára lójú,” mo dá a lóhùn. “Ẹ̀yin mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Bó bá kọṣẹ́ lójú òkun, ta lẹ máa pè? Ọkùnrin yẹn?”

“Kí lo wá fẹ́ ká ṣe?”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n kan ọkọ̀ tiwa fún wa. Ẹ ra ẹ́ńjìnnì lọ́tọ̀, ẹ ra àwọn ẹ̀rọ yòókù lọ́tọ̀. Èmi á so gbogbo rẹ̀. Kò sí ibi tí wáyà kan gbà tí a ò ní mọ̀.”

Ó yíjú sí mi. “Ìwọ á lè ṣe é?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò mọ̀ mí ni?”

Àwọn ará ilé wa rò pé nítorí owó la ò fi ra ti Riviera. Lóòótọ́ ó wọ́n, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ì bá wá bó ṣe máa rà á. Èmi ni mo yí i lọ́kàn padà. Gbogbo ohun tí mo sọ fún un nínú takisí lọ́jọ́ náà ló jẹ́ òótọ́, mo ṣì gbà á gbọ́ di òní. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí ọkùnrin yẹn rín ló ń jó mi nínú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Mo fẹ́ kí ọkọ̀ kan wà lójú òkun Abidjan tó jẹ́ pé ọwọ́ mi ló tan iná rẹ̀.

Etí ọ̀sà ní Boribana ni wọ́n ti kan ọkọ̀ náà. Kápẹ́ńtà àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tó ti ń kan ọkọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀. Iwájú ilé pákó tó ń gbé gan-an ló ti ń ṣiṣẹ́, láàárín ẹrẹ̀ àti àwọn ọ̀rá tí ọ̀sà ń gbé wá. Igi ìrókò ló lò. Bó ṣe ń to pákó mọ́ pákó ló ń fi òwú àti ọ̀dà dí àárín wọn. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń gbé àpò irinṣẹ́ mi lọ síbẹ̀. Ìgbà òjò ni. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, a ó ta tapólì bo ọkọ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi á wọ abẹ́ rẹ̀, a ó máa bá iṣẹ́ lọ.

Kí n má purọ́, oṣù mẹ́ta yẹn dùn mọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi á ra atíẹkẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe àti ẹja díndín wá, a ó jọ jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan náà. A kò tíì jókòó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Mo ń kọ́ ọ bí wáyà kọ̀ọ̀kan ṣe gbà, òun náà á máa tún un sọ tẹ̀lé mi: èyí ti iná iwájú, èyí ti ẹ̀rọ ọ̀nà, èyí ti pọ́ǹpù. Nígbà míì á ṣì í sọ, á ní kí n má rín òun. Ẹ̀gbọ́n mi tó ti pariwo mọ́ mi láti kékeré, èmi ni mò ń sọ fún un báyìí pé, “Ẹ tún un wò.”

Wáyà tí wọ́n ń lò nínú ọkọ̀ òkun kì í ṣe irú tinú ilé. Bàbà tinú ilé pupa. Bí omi iyọ̀ bá ti rí ọ̀nà dé ibẹ̀, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi rún. Ti òkun, wọ́n ti fi nǹkan funfun bo bàbà rẹ̀ kí iyọ̀ má lè tètè ràn án. N kì í tà á ní Roxy. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta èlò ọkọ̀ nítòsí èbúté ni mo ti lọ rà á, mo sì ti wọn gbogbo inú ọkọ̀ náà kí n tó lọ. Mo ṣì í wọ̀n. Nígbà tí mo so dé ìparí, ó ku ibì kan tí kò gùn ju apá èèyàn lọ, láti ọ̀dọ̀ bátìrì dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù, nísàlẹ̀ pátápátá níbi tí omi máa ń gbá jọ sí nínú ikùn ọkọ̀.

Ọ̀sán Sátidé ni. Àárọ̀ ọjọ́ kejì la fẹ́ sọ ọkọ̀ sómi. Ẹ̀gbọ́n mi ti pe lèmọ́mù, ó ti pe àwọn ará ilé láti Adjamé àti Treichville, wọ́n ti ń se oúnjẹ. Ibi tí mo ti ra wáyà náà ti tì. Mo ní wáyà ilé nínú àpò mi, tuntun, láti ṣọ́ọ̀bù mi. Mo wò ó títí. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kò tíì parí, pé kí wọ́n sọ ọ́ sómi àmọ́ kí wọ́n má lọ òkun títí n ó fi rí èyí tó yẹ. Ojú tì mí. Lẹ́yìn gbogbo ẹnu tí mo ti fọ́n, mo ṣì í wọ̀n bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Mo lọ́ wáyà ilé náà mọ́ ọn lórí méjèèjì, mo fi téèpù wé e ní ìlọ́po mẹ́ta, mo kan pákó bò ó. Mo ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, n ó pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi dé bá mi níbi tí mo ti ń nu ọwọ́. “Gbogbo rẹ̀ ti parí?”

“Ó ti parí, ẹ̀gbọ́n mi.”

Atukọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi mú jẹ́ bàbá arúgbó kan, ará Gáná, tó ti di ará Vridi. Òun gan-an ló kọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní òkun nígbà èwe. Ó ti pẹja ní Àgbádárìgì rí, ó sì gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Lọ́jọ́ tí a sọ ọkọ̀ sómi, ó yí i po, ó ń fi ìka gbá pákó rẹ̀, ó tẹ súwíìṣì, iná tàn.

“Ta ló ṣe iná?” ó bi wá.

“Èmi ni, Bàbá.”

“Ó mọ́,” ló wí. Ó tún iná náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. “Ó mọ́ dáadáa.”

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, iṣẹ́ wà ní ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó tẹ̀lé e náà kọjá. Wọ́n ń lọ sójú òkun, wọ́n ń bọ̀, pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ń fi ẹja ńlá ránṣẹ́ sí mi. Mo ra wáyà tó yẹ náà, ó wà nínú àpótí lábẹ́ káńtà mi ní Roxy. Bí mo bá ti fẹ́ gbé e lọ, mo máa ń rò ó pé n ó ní láti ṣàlàyé ìdí tí mo fi fẹ́ tú pákó yẹn. Báyìí ni oṣù mẹ́jọ ṣe lọ.

Ní ìdájí ọjọ́ Àtàláátà kan, àwọn méjèèjì jáde láti Vridi. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló yẹ kí wọ́n dé. Nígbà tí mo kírun Àṣárì tán ní Alárùúbá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù.

“Ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n yín ò tíì dé o. Fóònù rẹ̀ ò lọ.”

Mo ní ó lè jẹ́ pé ẹja pọ̀ ni. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ti ń kó ọjà wọlé.

Iyanrìn Vridi la jókòó sí fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn apẹja bíi tiwọn gbé ọkọ̀ méjì jáde láti wá wọn, wọn ò rí wọn. A lọ sọ fún àwọn aláṣẹ èbúté, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyàwó bàbá atukọ̀ náà jókòó nítòsí wa lórí ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó ń wo òkun bí ẹni ń wo ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Èmi kò lè wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láti alẹ́ àkọ́kọ́ ni mo ti ń rí pákó yẹn tí mo kàn, tí mo ń rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Àárọ̀ Sátidé ni ọkọ̀ ìpẹja ńlá kan rí wọn lápá Assinie, níbi tí omi ti ń gbé wọn lọ sọ́nà Gáná. Ẹ̀gbọ́n mi wà láàyè. Bàbá atukọ̀ ti kú láti ọjọ́ Jímọ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé wọn dé, èrò pọ̀ létí òkun. Wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi kọjá níwájú mi lọ sínú ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ètè rẹ̀ ti bó, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti di ẹran lásán, kò sì lè sọ̀rọ̀. Ẹnì kan kọjú sí mi nítorí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo ṣe iná ọkọ̀ náà. Ó ní, “Kí ló ṣe ọkọ̀ náà gan-an?”

Mo ní, “Bátìrì ni.”

N kò tíì fojú kan inú ọkọ̀ náà nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà padà sí Boribana, mo dá lọ síbẹ̀, mo tú pákó. Téèpù náà ti ṣí. Bàbà tó wà nínú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Mo fọwọ́ kàn án, ó sì rún sí mi lọ́wọ́ bí àkàrà tó ti pẹ́. Gbogbo ìyókù tí mo so nínú ọkọ̀ náà, ibi iná, ibi ẹ̀rọ ọ̀nà, ibi ẹ́ńjìnnì, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ibì kan ṣoṣo yẹn ni. Pọ́ǹpù dákẹ́, omi ń wọlé bó ṣe máa ń wọ gbogbo ọkọ̀ onígi, kò sí ohun tó ń fà á jáde, ó kún títí ó fi bo bátìrì. Bí bátìrì ti mu omi iyọ̀, kò sí iná, kò sí rédíò, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣí kò sì dáhùn mọ́. Mo gé wáyà náà kúrò. Mo jù ú sínú ọ̀sà.

Ọ̀dọ̀ aládùúgbò mi ní Roxy ni mo ti ra bátìrì náà, ọkùnrin ẹ̀yà Jùlá kan tí àwa méjèèjì ti jọ ń tajà láti ìgbà ayé bàbá mi. “Bálìmá” ló máa ń pè mí, ìyẹn ìbátan. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lọ bá a láàárín ọjà. Ó ní ọkùnrin náà ló pa bàbá atukọ̀, ó sì fẹ́ sọ òun náà di opó. Ọjà dúró, wọ́n ń wò. Ọkùnrin náà gbójú kọjá lórí rẹ̀, ó ń wo èmi, nítorí ojú mi ni wọ́n ṣe yẹ bátìrì náà wò lọ́jọ́ tí mo rà á, èmi ni mo sì sọ pé ó dára. Mo di ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lápá mú, mo ní kó jẹ́ ká lọ. Kò sí ohun mìíràn tí mo sọ.

Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà láìdúró. Kí ọdún tó parí, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Abobo.

Ẹ̀gbọ́n mi pẹ́ ní ilé ìwòsàn. Nígbà tó jáde, kíndìnrín rẹ̀ ò dára tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, wọ́n ní kó má ṣe iṣẹ́ agbára. Ó padà sídìí ẹja yìnyín. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ bátìrì náà lójú rẹ̀ léraléra, kò dá sí i rí. Mo rò pé ó gbà á gbọ́ ni. Mo ń lọ kí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo ń gbé oúnjẹ lọ, mo ń bá a sọ̀rọ̀ ọmọ àti ọ̀rọ̀ ọjà. Bí mo bá jáde nílé rẹ̀, á dà bí ẹni pé mo gbé àpò sìmẹ́ńtì sọ̀ kalẹ̀, tí n ó tún padà wá gbé e lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Láàárín àkókò yẹn ni mo rí ohun kan ní Vridi. Wọ́n ń fa ọkọ̀ funfun kan bọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ mìíràn, irú èyí tí a rí ní Riviera gan-an. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló kú sójú omi. Ẹni tó ni ọkọ̀ funfun náà dúró nínú omi dé orúnkún, ó ń pariwo lórí fóònù pé àwọn tó tà á fún òun ni òun máa fi ẹjọ́ wọn sùn, pé ẹ̀jẹ̀ òun ì bá wà lọ́rùn wọn. Ó yẹ kí inú mi dùn pé mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ńṣe ni mo ń ṣe ìlara ọkùnrin náà. Ó rí ẹni tó máa pariwo mọ́.

Nínú Ramadan tó tẹ̀lé e, mo lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Treichville lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ sọ́jà. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí ẹní, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Mo kúnlẹ̀ kí i. N kò dìde.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe bátìrì.”

Kò gbójú sókè. Ó ka tẹ̀sùbáà náà dé ibi tí okùn rẹ̀ ti so, ó gbé e sílẹ̀.

“Mo ti mọ̀,” ló wí.

“Ẹ ti mọ̀ báwo?”

“Ìwọ lo kọ́ mi. Èyí ti iná, èyí ti pọ́ǹpù. Ọjọ́ kejì tí a ti ń fi garawa gbọ́n omi ni mo ṣí pákó yẹn. Mo rí i. Ti ibẹ̀ yàtọ̀ sí gbogbo ìyókù.” Ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti sọ ọ́ nínú ara rẹ̀ títí ó fi dán. “Bàbá náà bi mí pé kí ló ṣe é. Mo ní iyọ̀ ló jẹ ẹ́.”

“Ó mọ̀ pé wáyà ilé ni?”

“Kò mọ wáyà. Òkun ló mọ̀. Ó ní ká máa gbọ́n omi, a ò gbọ́dọ̀ dúró. Ó ń fún mi ní ìpín omi mímu tirẹ̀, ó ní òùngbẹ ò gbẹ òun. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Jímọ̀, mo ń gbọ́n omi, mo rò pé ó sùn.”

Mò ń gbọ́ táàpù kan tó ń kán sínú garawa ní ẹ̀yìnkùlé.

“Kí ló dé tí ẹ ò bi mí?” ni mo wí.

“Mo ń retí kí o sọ fún mi.”

“Ó lé ní ọdún kan, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ọdún kan àti oṣù méjì.” Ó tún mú tẹ̀sùbáà rẹ̀. “Ká ní o sọ fún mi ní ọjọ́ Sátidé yẹn pé kò tíì parí, kí ni mo máa ṣe fún ọ? Ṣé n ó nà ọ́ ni?”

Ó ní kí n dìde, pé ẹsẹ̀ mi á kú.

Ó ní òun kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ bí mo bá fẹ́ sọ ọ́, òun kò ní dí mi lọ́wọ́. Mo lọ sí Abobo, mo wá aládùúgbò mi àtijọ́ rí. Ó gbé ìjókòó fún mi, ó gbọ́ mi títí dé òpin. Ó ní Ọlọ́run ti gbọ́ òun ṣáájú èmi. Ó wá ní ohun kan ni òun fẹ́: ibi tí wọ́n ti ba òun lórúkọ jẹ́ ni kí n ti lọ sọ ọ́. Nítorí náà, lọ́jọ́ Àlàmísì kan lẹ́yìn ìrun Àìlà, nígbà tí àwọn ọkùnrin ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, mo sì sọ ọ́ ní Yorùbá, mo tún sọ ọ́ ní Faransé. Àwọn kan ní Ọlọ́run á dárí jì mí. Àwọn kan kàn bá ọ̀nà wọn lọ. Kò sí ẹni tó ní kí n wá so iná ilé òun mọ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù.

Ti opó bàbá atukọ̀ náà ni mo fi sẹ́yìn, nítorí òun ni mo bẹ̀rù jù. Níwájú ilé rẹ̀ ní Vridi, ó ń yan ẹja, èéfín bo gbogbo àgbàlá. Mo sọ ọ́ fún un ní Faransé. Ó ń yí ẹja rẹ̀ padà lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tí mo parí, ó bi mí pé kí ni wọ́n ń pe nǹkan tí mo fi so ó. Mo ní wáyà ilé. Ó naka sí gílóòbù tó rọ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

“Irú ti èyí?”

“Irú rẹ̀ ni, Màmá.”

Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Gílóòbù náà ń tàn ní ọ̀sán gangan, kò sí ẹni tó rántí pa á.

“O mọ̀ nígbà yẹn pé kò yẹ kí o lò ó?”

“Mo mọ̀.”

Ó ní kí n máa lọ, pé kí n má padà wá. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó padà sídìí ẹja rẹ̀, mo sì lọ.

A kò rí ẹni ra ọkọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fún àwọn ọmọ bàbá atukọ̀ náà, wọ́n gbà á. Kápẹ́ńtà ní Boribana tú pákó rẹ̀.

Àwọn oníbàárà ń padà wá díẹ̀díẹ̀ báyìí. Nígbà míì apẹja kan á wá bi mí bóyá kí òun ra ọkọ̀ tí wọ́n ti so gbogbo nǹkan sí, tàbí kí òun so ó fúnra òun. Mi ò sọ fún wọn pé èyí dára ju ìyẹn lọ. Mo máa ń bi wọ́n pé ta ni yóò so ó, ṣé ẹni náà sì lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò tíì parí. Àwọn míì rò pé mi ò mọ ohun tí wọ́n bi mí ni, wọ́n á lọ béèrè níbòmíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń fi ẹran ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ Iléyá, a sì jọ ń kírun Yídì. Ó ń ṣe àdúà fún àwọn ọmọ mi, wọ́n ń dá a lóhùn ní Faransé. Ní oṣù tó kọjá mo lọ kí i, mo rí i pé wọ́n ti pààrọ̀ gbogbo iná pálọ̀ rẹ̀. Ó ti pe ẹlòmíràn wá ṣe é. Mo gbé ojú sókè wo ibi tí wáyà gbà lára ògiri, ó tọ́, wọ́n sì dè é dáadáa. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá fún mi. Mo mu ún, a sì sọ̀rọ̀ nípa òjò.